Ibi Tí Ilẹ̀ Ò Ti Fani Tó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ilẹ̀ ti ya lẹ́yìn ilé aránṣọ. Ihò ràgàjì ni, ó gbé àgbá omi rẹ̀ àti ògiri ilé ìdáná mì bí ẹni gbé oògùn mì. Òjò àná ló fà á, wọ́n ní. Kò sẹ́ni tó kú. Ìyàwó aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kúrò níbẹ̀ ni.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ pè mí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn ilẹ̀ kiri, ẹ wá wọn tiwa o." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ilé kẹta sí ti aránṣọ ni ilé wa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni Ìyá sì ń dá gbé látìgbà tí Bàbá ti kú.

Nígbà tí mo fi máa débi iṣẹ́, ìjọba ìlú ti gbé iṣẹ́ wíwá ihò abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò náà fún wa. Láyé ọjọ́un, abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò yẹn ni wọ́n ti ń wa òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà ògiri. Wọ́n wà á tán, wọ́n di ẹnu ihò, àwọn ọmọ wọn kọ́lé lé e lórí. Kò sẹ́ni tó ya àwòrán ibi tí ihò gbà.

Ojo ni mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà máa tan ara mi jẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

A gbé Ìyàwó jáde lónìí. Orúkọ tí a sọ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó nìyẹn, torí a kì í jẹ́ kí nǹkan kọ lù ú, orí itan la máa ń gbé e sí nínú ọkọ̀, tó bá sì ti jáde, ó gbọ́dọ̀ máa padà wálé lóòrèkóòrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Pèpéle símẹ́ńtì iwájú ilé-ẹ̀kọ́ ni ilé rẹ̀. A ó wọn ibẹ̀, a ó wọn ibi bíi mélòó kan, a ó padà síbẹ̀ lọ wò ó bóyá ó ṣì ń sọ ohun tó sọ láàárọ̀. Òṣùpá àti oòrùn náà ń fa ilẹ̀ láti òkè, a ó yọ tiwọn kúrò. Kò sí ohun tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀rọ̀ ló ń wa ọkọ̀ wa. Ìwà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: ìgbín á kọjá lára rẹ̀, á tún dúró kí i.

Mo bẹ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pé kó fi ẹlòmíràn sí òpópónà ilé wa. Ó ní, "Ta ni ẹlòmíràn? Èmi ń wọn gíga ilẹ̀, ìwọ ń ka Ìyàwó, Ẹ̀rọ̀ ń wakọ̀. Tó bá ku ẹnì kan, fi hàn mí." Ni mo bá gbé Ìyàwó lé itan.

Bàtà òjò ti di ìlọ́po méjì iye tí mo rà á lọ́dún tó kọjá. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo yà lọ́dọ̀ Ìyá. Wọ́n fún mi ní tíì àti búrẹ́dì, wọ́n wá bi mí pé, "Kí gan-an lẹ ń wọ̀n? Ṣé ilẹ̀ sá lọ ni?"

Mo mú ṣíbí, mo jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó. Ilẹ̀ ló fà á. Bó sì ṣe ń já bọ̀ ni ìyára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ká ní ó jìnnà sílẹ̀ ni, tó bá fi máa lo ìṣẹ́jú àáyá kan lófuurufú, á ti máa sáré mítà mẹ́wàá ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá lo méjì, á di ogún ó dín díẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń fi kún ìyára yẹn la ń wọ̀n."

"Ṣíbí mi lo ń sọ mọ́lẹ̀ yẹn."

"Ẹ má bínú, Mà. Tí a bá wá fi sẹ̀ǹtímítà kà á, ẹgbẹ̀rún dín ogún ni, tàbí kó dín díẹ̀ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní gáàlì. Ẹ gé gáàlì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹ mú ẹyọ kan: mílígáàlì nìyẹn. Ẹ tún gé ẹyọ yẹn sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún: máíkírógáàlì nìyẹn. Òun nìyí tí Ìyàwó ń kà."

Wọ́n wò mí títí. "Ẹ gé e títí kò fi ku nǹkan kan, ẹ wá ń gbowó oṣù lórí ẹ̀."

Mo sọ fún wọn pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣófo, òkúta tó yẹ kó fani ò sí níbẹ̀, torí náà òòfà ilẹ̀ á dín. Tó bá dín ní máíkírò márùn-ún, kò sí wàhálà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè ṣì tó bẹ́ẹ̀. Tó bá dín ní ọgbọ̀n, ara á fu wá. Tó bá lé ní àádọ́ta, a ó kó èèyàn jáde nílé.

"Tiwa ńkọ́?"

Mo ní a ò tíì débẹ̀. Wọ́n tún bu tíì sí i fún mi. 

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Alápatà tó wà ní òdìkejì ilé aránṣọ dá mi dúró lójú títì. "Ọ̀gá obìnrin, mo gbọ́ pé ilẹ̀ ò fa nǹkan tó níbí mọ́. Ṣé òun ló ń jẹ́ káwọn oníbàárà mi máa sọ pé mo ń rẹ́ wọn jẹ?"

Mo ní, "Rárá o. Kílò ni bí ẹran ṣe pọ̀ tó, ìyẹn ò yí padà. Níútìn ni bí ilẹ̀ ṣe ń fà á tó. Kílò kan, níútìn mẹ́wàá ó dín díẹ̀. Òṣùwọ̀n yín tó ní abọ́ méjì, tí ilẹ̀ bá dín ọwọ́ kù fún ẹran, ó dín in kù fún irin tó wà ní apá kejì náà. Onísípíríǹgì nìkan ló lè mọ ìyàtọ̀. Lórí odidi màlúù pàápàá, ohun tó máa dín ò ju ìwúwo eṣinṣin méjì lọ."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ eṣinṣin níwájú ìsọ̀ mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín parí sí. Iwájú ilé aránṣọ dín ní mọ́kànlélógójì. Ẹnu ọgbà wa dín ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìnkùlé wa, lábẹ́ ibi tí Ìyá ń sá aṣọ sí, dín ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé ló ń dín sí i. Mo ka ti ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹrin bóyá ojú mi ló ń ṣe mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo fẹ́ kọ ti òní dáadáa.

A wọn inú yàrá Ìyá. Ìyá ti gbá a, wọ́n ti nù ún, wọ́n tún gbé bẹ́ẹ̀dì sún kan ògiri kí Ìyàwó lè ráyè. Ọ̀gá kọ̀, kò wọlé. Ó ní òun ò ní kó bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ibi tí ìyá oníyàá ń sùn. Ìta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ sí, ó ka gíga ibẹ̀, ó wá ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà: "Ilẹ̀ inú bá tìta dọ́gba, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo gbé Ìyàwó kalẹ̀. Mo ní kí Ìyá má mira. Wọ́n ní ṣé kí wọ́n má mí náà ni. Aago ara ògiri ń dún, àyà mi ń dún jù ú lọ. Lẹ́yìn tí a ti padà sí ìdí pèpéle, tí a ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, ó dín ní mẹ́rin péré. Mẹ́rin! Mo sá padà lọ sọ fún Ìyá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já wàrà gbà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń wí pé, "Ó tó, ó tó. Ṣé mẹ́rin yẹn ò dáa ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ìyá ti sọ fún gbogbo òpópónà. "Ọmọ mi ti wọ̀n ọ́n, mẹ́rin ni tèmi." Kí ilẹ̀ tó ṣú, aránṣọ, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ti kó wá bá wọn. Yàrá Ìyá ni ìyàwó àtàwọn ọmọ ń sùn, aránṣọ ń sùn ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ó yẹ kínú mi dùn. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Mi ò mọ ìdí tí òwe yẹn fi ń wá sí mi lọ́kàn láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò láti ìdájí. Ihò ẹ̀yìn ilé aránṣọ ti fẹ̀ sí i, wọ́n ti fi okùn yí i ká.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ẹ̀yìnkùlé, mẹ́rin nínú yàrá, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Mo bi ọ̀gá. Ó ní ihò lè ṣẹ́rí, pé àwọn tó wà á ò fi okùn wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó wà á. Òótọ́ ni. Ara ṣì ń fu mí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá; àmọ́ èmi, ejò ò tíì bù mí jẹ, mo sì ti ń sá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọlọ́run ò, ẹsẹ̀ mi ló pa wá.

Mo lọ jẹun lọ́dọ̀ Ìyá. Ìyàwó aránṣọ ń gbé omi gbígbóná wọ yàrá fáwọn ọmọ, ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa figbe ta. Ó jókòó, ó ń fẹ́ ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìrora: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àtẹ̀gùn yín yìí fẹ́ pa mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

Mo ní, "Àtẹ̀gùn wo?"

Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. Ó nawọ́ sí i.

Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ yàrá Ìyá rẹlẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ọdún tí omi wọlé ni Bàbá ti kó símẹ́ńtì lé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi ga, kó tó di pé mo mọ ìrìn. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láì bi mí léèrè. Àlejò ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ilé kì í kọsẹ̀, ọmọ ilé ò sì rántí pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá bi mí, èmi ọmọ ilé sì ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo gba téèpù lọ́rùn aránṣọ, mo kúnlẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélógún.

Bí èèyàn bá ṣe ń rẹlẹ̀ sí i ni ilẹ̀ ń fà á sí i. Máíkírò mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni, fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó jókòó nísàlẹ̀, a ṣírò rẹ̀ bí ẹni tó jókòó lókè. Ohun tó yẹ kó dín, àtẹ̀gùn ti dí i fún wa. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́tàlélógún, ó lé díẹ̀: mọ́kànléláàádọ́rin. Kí a fi mẹ́rin kún un, ó ti kọjá àádọ́ta tí a fi ń kó èèyàn jáde.

 Àwọn ọmọ aránṣọ ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì Ìyá. Mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ohùn tí mo fi sọ ọ́ bà wọ́n lẹ́rù, èyí àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún.

Mo pe aránṣọ sí ìta, mo sọ fún un. Wọ́n kó jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń tiro, kò kí mi.

Ìyá ò kúrò. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ tún un wọ̀n.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ fún ọ̀gá kí n tó bọ́ aṣọ òjò. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Mo rò pé á lé mi. Ó ní, "Èmi náà ni mo dúró síta." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

A padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ bàtà, ó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó gbé ọ̀pá kalẹ̀ síbi tí Ìyàwó dúró sí gan-an. Ó dín ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Kò síbi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òpópónà.

Gbogbo bí mo ṣe dúró nínú yàrá yẹn, ńṣe ni mò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màmá, mo ti ṣàlàyé. Àṣìṣe mi ni."

"Ṣé èyí náà ò lè jẹ́ àṣìṣe?"

Mo ya àwòrán fún wọn. Mo ya ilé, mo ya ihò, mo kọ iye sí i lókè. Wọ́n ní àwòrán ilé náà ò jọ ilé. Wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá mi fi to búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kò sí máíkírò kankan tó máa lé àwọn jáde níbẹ̀. Mo gbé ohùn sókè. Wọ́n gbé tiwọn ju tèmi lọ. Mo jáde láì kí wọn, ó sì ń dùn mí di báyìí.

Òjò. Epo ọkọ̀ tún ti wọ́n sí i, Ẹ̀rọ̀ ní òun á kúkú máa tì í.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ wo ihò náà dé. Abẹ́ fèrèsé Ìyá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sí. Ó ń lọ, ó ń kùn, erùpẹ̀ ń jáde, erùpẹ̀ ń jáde. Wọn ò tíì lu mítà mẹ́ta tán tí irin gígùn náà fi dédé já lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, wìì, láìsí ohun tó dá a dúró. Ọkùnrin tó dì í mú pariwo, ó fò sẹ́yìn.  Mo ti mọ iye rẹ̀, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ mo sá sẹ́yìn nígbà tí mo fojú rí i.

Ìyá rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Ihò yẹn wà níbẹ̀ nígbà tí mo bí ọ." Wọ́n pa fèrèsé dé.

Ọ̀gá ní lọ́jọ́ Ajé ni ìjọba máa rán àwọn tó máa gbé wọn jáde. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Mi ò rò pé ọjọ́ Ajé máa dúró dè wá.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Mi ò gbé ìwé dání lónìí, mi ò gbé àwòrán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò lè wọlé. Mo ní, "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Tí fóònù bá dún, mo rò pé ẹ ti bọ́ sínú ihò ni. Mi ò lè gbé e mọ́. Ẹ ṣàánú mi."

Wọ́n dúró nínú yàrá, èmi wà níta, àtẹ̀gùn wà láàárín wa. 

"O ò sọ ìyẹn fún mi rí. Máíkírò, máíkírò lo ń sọ."

Wọ́n di ẹrù wọn sínú àpò kan. Ẹ̀rọ̀ wá gbé wa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé kó sáré, ó sì sáré.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Alápatà ló pè mí, ó ń sunkún. Yàrá Ìyá ti lọ, àti ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú ilé.

A lọ wò ó láti ẹ̀yìn okùn. Òrùlé ti dojú dé. Mo dì mọ́ òpó iná. 

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìyá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Lọ́sàn-án òní, a ń ká aṣọ, wọ́n dédé sọ ọ́, wọn ò wo ojú mi.

"Mo ti ń gbọ́ ọ látọdún tó kọjá. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń dún ṣàà, á dákẹ́, á tún dún ṣàà, bí ẹni ń da yanrìn. Mo rò pé tí mo bá sọ fún ọ, wàá kó mi kúrò nílé ọkọ mi."

Ọwọ́ mi dúró lórí aṣọ. Mo ní, "Ẹ ń gbọ́ ọ, Màmá? Ẹ wá gba àwọn ọmọ aránṣọ síbẹ̀?"

Wọ́n ká aṣọ ìnura kan tán, wọ́n gbé e lé ìyókù.

"Ìwọ lo ní mẹ́rin ni. Mo gbà ọ́ gbọ́ ju etí mi lọ."

 A ká aṣọ tó kù.